Àkísà Kì Í Ṣe Àsọnù: Ẹ̀kọ́ lórí Ohun Ògbólógbòó inú Ilé àti Iṣẹ́ Tuntun tí A Lè Fún Un

Àwọn àgbà a máa wí pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa fi òwe yìí bu ọlá fún ọjọ́ orí, ṣùgbọ́n wọn kì í ronú nípa àkísà náà fúnra rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ohun ìtìjú ni àkísà, kí ni ìdí rẹ̀ tí àgbà fi kó o pamọ́ sí ilé? Ìdí rẹ̀ ni pé àgbà mọ̀ pé aṣọ tí ó gbó kò tí ì parí iṣẹ́ rẹ̀. Yóò di òṣùká, yóò di ìnulẹ̀, yóò di ohun tí a fi ń gbé ìkòkò gbígbóná kalẹ̀ lórí iná.

Irú àwọn ohun bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ti ọ̀sẹ̀ yìí dá lé: aṣọ tí ó ti gbó, kẹ́ẹ̀gì òróró tí ó ti ṣófo, agolo mílíìkì, táyà tí ó ti jẹ tán, ìgò, àti ọ̀rá omi. Kò sí ìlú kan ní ilẹ̀ Ìbàràpá, láti Èrúwà àti Lánlátẹ̀ dé Igbó-Ọrà, Ìdèrè, Ayétẹ̀, Tápà àti Ìgàngán, tí a kì yóò ti rí wọn ní ẹ̀yìnkùlé. Ẹnìkan a sun wọ́n ní iná, ẹlòmíràn a dà wọ́n sí àkìtàn, ẹlòmíràn a sì fún wọn ní iṣẹ́ tuntun. Ọ̀nà kẹta yìí ni ó dára jù, bí a bá mọ bí a ti í ṣe é. Ṣùgbọ́n bí a kò bá mọ̀ ọ́n, ó lè mú ikú wọ ilé.

Nítorí náà, kí òǹkàwé tó fi ọwọ́ kan ohun àlòkù kankan, kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta:

1. Kí ni a fi ṣe ohun yìí?
2. Kí ni ó ti gbé rí?
3. Kí ni mo fẹ́ kí ó gbé?

Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èkejì ni ó ṣe pàtàkì jù. Òun ni yóò sọ fún wa bóyá ohun náà yóò ran ilé lọ́wọ́ tàbí yóò ṣe ọmọ ilé ní jàǹbá. A ó máa padà sí ìbéèrè yìí bí a ti ń bá ẹ̀kọ́ wa lọ.

ỌGBỌ́N YÌÍ TI WÀ LỌ́WỌ́ WA LÁTI ÌGBÀ PÍPẸ́

Ní ayé àtijọ́, bí ìkòkò amọ̀ bá fọ́, apáàdì ni ó ń dà. Apáàdì ni wọ́n fi ń gbé ẹ̀yinná láti ilé kan dé èkejì, ìdí nìyí tí a fi ń wí pé apáàdì ni ó tó kojú iná. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn awalẹ̀pìtàn ti rí àgbàlá àti ojú ọ̀nà tí a fi apáàdì tẹ́. A to wọ́n ní ìdúró, wọ́n fara ti ara wọn gẹ́gẹ́ bí eyín inú ẹnu. Àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ náà gbé láyé ní nǹkan bí ọdún 1000 sí 1400. Ohun tí ó ti fọ́ ni wọ́n lò tí ojúde wọn kò fi di ẹrẹ̀ nígbà òjò.

Bí aṣọ bá ṣá, ìyá aláró a tún un rẹ sínú ìkòkò aró tí a fi ewé èlú ṣe, yóò sì dúdú bí ẹni pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á ni. Ní Abẹ́òkúta, tí kò jìnnà sí Igbó-Ọrà, àwọn tí ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ rí páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi tẹ́ inú àpótí tíì tí ó ti òkè òkun wá. Wọ́n gé ọnà sí páànù náà lára, wọ́n gbé e lé orí aṣọ, wọ́n sì fi ẹ̀kọ tẹ̀ ẹ́ kí aró má bàa mú ibẹ̀. Báyìí ni ohun tí oníṣòwò ìbá sọnù ṣe di irin iṣẹ́ ọnà kan tí a mọ orílẹ̀-èdè wa mọ́.

Àní nínú ọ̀rọ̀ ẹnu wa, ohun àlòkù ti fi orúkọ sílẹ̀. Kí garawa tó di ohun tí a fi ń pọn omi, tí a sì fi ń wọn epo, agolo kẹrosíìnì oní-gálọ́ọ̀nù mẹ́rin ni. Dẹ́ríkà tí àwọn ìyá wa fi ń wọn ẹ̀gúsí àti ẹ̀wà ní ọjà gba orúkọ rẹ̀ lára agolo tòmátò kan. Alágbẹ̀dẹ a sì máa fi sípíríǹgì mọ́tò tí ó ti kán rọ àdá tí ó mú ju èyí tí a rà ní ṣọ́ọ̀bù lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àìní nìkan ni ó ń mú ènìyàn ṣe irú iṣẹ́ yìí. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí pín aṣọ ní ìwọ̀n fún gbogbo ènìyàn ní oṣù kẹfà ọdún 1941. Ní ọdún 1943, wọ́n tẹ ìwé kékeré kan láti kọ́ àwọn ìyá ilé bí a ti í lẹ aṣọ tí ó ya àti bí a ti í sọ aṣọ àgbà di ti ọmọdé. Olówó àti tálákà ni wọ́n jọ ka ìwé náà.

AṢỌ ÀLÒKÙ ÀTI OMI MÍMU

Ìlú Ìdèrè ní ẹ̀rí lórí bí aṣọ lásán ti lè gba ìlú sílẹ̀. Ní ọdún 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìlera àwùjọ ní ilẹ̀ Ìbàràpá, tí ó sì fi Igbó-Ọrà ṣe ibùdó. Àìsàn tí ó ń dà wọ́n láàmú jù ní Ìdèrè ni sòbìà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí iṣẹ́ oko ń pe olúkúlùkù, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ni ó ń dùbúlẹ̀ sí ilé tí aràn gígùn ń yọ láti ẹsẹ̀ wọn. Aràn náà lè gùn tó mítà kan. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ó lè dènà rẹ̀, kò sì sí oògùn tí ó lè pa á nínú ara.

Ọ̀nà tí sòbìà ń gbà wọ ara kò ṣòro láti yé ni. Bí ẹni tí sòbìà ń yọ lára rẹ̀ bá fi ẹsẹ̀ wọ inú odò tàbí adágún omi, aràn náà yóò da ọmọ rẹ̀ sínú omi. Kòkòrò omi tín-ín-tín kan, tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, yóò gbé ọmọ aràn náà mì. Ẹni tí ó bá mu omi náà láìsẹ́ ẹ ti mu kòkòrò náà pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan ni aràn yóò sì yọ jáde lára òun náà. Nítorí pé a lè fi aṣọ dá kòkòrò omi náà dúró, bí a bá sẹ́ omi kí a tó mu ún, a ti já okùn àìsàn náà.

Ní àwọn ọdún 1980 sí 1989, àwọn olùkọ́ ìlera láti Ìbàdàn àti àwọn ará àdúgbò jọ ṣe asẹ́ aláṣọ náílọ̀n fún omi mímu. Àwọn télọ̀ àdúgbò ni ó rán an, àwọn ènìyàn tí ìlú yàn fún iṣẹ́ ìlera ni ó sì ń tà á láti ilé dé ilé. Nígbà tí a ka àwọn alárùn sòbìà jákèjádò Nàìjíríà ní nǹkan bí ọdún 1988, iye wọn ju 650,000 lọ. Ẹni ìkẹyìn tí a rí ní orílẹ̀-èdè yìí jẹ́ ará Ìpínlẹ̀ Enugu, ní oṣù kọkànlá ọdún 2008. Ní oṣù kejìlá ọdún 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ sòbìà. Àwọn àgbà máa ń wí pé kí sòbìà tó di egbò, olúgànbe ni à á ké sí. Ní tiwa, asẹ́ aláṣọ wà lára ohun tí a ké sí, ó sì jẹ́ ìpè wa.

Ẹ̀rí mìíràn wà láti ilẹ̀ Bangladesh, ní ìhà ìlà-oòrùn ayé. Níbẹ̀, àwọn obìnrin a máa wọ aṣọ òwú gígùn kan tí wọ́n ń pè ní sárì. Àwọn onímọ̀ rí i pé kòkòrò àrùn onígbáméjì a máa lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀dá omi tín-ín-tín tí ó jẹ́ ìbátan èyí tí ń gbé sòbìà kiri. Wọ́n kọ́ àwọn obìnrin ní abúlé 65 pé kí wọ́n ká sárì àtijọ́ ní ìlọ́po mẹ́rin, ó kéré tán, kí wọ́n fi bo ẹnu ìkòkò, kí wọ́n sì pọn omi gba inú rẹ̀. Ìwádìí náà, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2003, fi hàn pé àrùn onígbáméjì dín kù ní 48 nínú 100. Ohun ìyanu tí ó wà níbẹ̀ ni pé aṣọ àtijọ́ ṣiṣẹ́ ju aṣọ tuntun lọ. Nígbà tí a bá ti fọ aṣọ òwú lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà, òwú rẹ̀ a rọ̀, a sì tú ká, ihò àárín rẹ̀ a sì kéré sí i.

Bí a bá fẹ́ ṣe asẹ́ omi láti inú aṣọ àlòkù, báyìí ni a ó ṣe:

Ẹ wá aṣọ òwú funfun tàbí èyí tí àwọ̀ rẹ̀ kò sí mọ́, tí kò ya, tí ó sì fẹ̀ tó láti bo ẹnu ìkòkò lẹ́yìn tí a bá ti ká a. Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì sá a sí oòrùn títí yóò fi gbẹ. Ẹ ká a ní ìlọ́po mẹ́rin sí mẹ́jọ, kí ẹ fi okùn dì í mọ́ ẹnu ìkòkò gbọingbọin. Apá kan náà ni kí ó máa kọjú sí òkè nígbà gbogbo, nítorí pé ìdọ̀tí ni apá òkè ń dá dúró. Lẹ́yìn lílò, ẹ fi omi tí a ti sẹ́ ṣan án, kí ẹ tún sá a.

Kí a rántí pé asẹ́ dín ewu kù ni, kò pa á tán. Àwọn kòkòrò àrùn tí kò lẹ̀ mọ́ ohunkóhun yóò kọjá nínú aṣọ. Ẹ se omi tí a ti sẹ́ títí yóò fi hó kí ẹ tó mu ún. Kí a sì bi aṣọ náà ní ìbéèrè kejì wa: kí ni ó ti gbé rí? Aṣọ tí àgbẹ̀ wọ̀ nígbà tí ó ń fín oògùn sí oko kò gbọdọ̀ di asẹ́ omi láéláé, kò sì gbọdọ̀ di ìlédìí ọmọ.

KẸ́Ẹ̀GÌ ÒRÓRÓ TÍ Ó ṢÓFO

Kẹ́ẹ̀gì tí a fi ta òróró ìsebẹ̀ wà lára ohun tí ó dára jù láti tún lò, nítorí pé oúnjẹ ni ó ti gbé. Iṣẹ́ méjì ni a ó kọ́ níbí.

Èkíní ni ẹ̀rọ ìfọwọ́ aláfẹsẹ̀tẹ̀, irú èyí tí a ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́ ní Zimbabwe àti ní àwọn ilẹ̀ Áfíríkà mìíràn. Ẹ mú kẹ́ẹ̀gì lítà 5, kí ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ẹ fi iná mú ìṣó gbóná, kí ẹ fi lu ihò kékeré kan sí iwájú rẹ̀, ní ìsàlẹ̀ ọrùn, ní ẹ̀gbẹ́ tí ó dojú kọ ibi tí ènìyàn yóò dúró sí. Ẹ ri igi méjì tí orí wọn là sí méjì mọ́lẹ̀, kí ẹ fi ọ̀pá kan la ibi ìdìmú kẹ́ẹ̀gì kọjá, kí ẹ sì gbé ọ̀pá náà lé orí igi méjèèjì. Ẹ so okùn mọ́ ọrùn kẹ́ẹ̀gì, kí ẹ so ìdí okùn náà mọ́ ọ̀pá mìíràn tí ó sùn sílẹ̀. Ẹ bu omi sí i títí yóò fi kù díẹ̀ kí ó kan ihò, kí ẹ sì dé e. Bí ènìyàn bá fi ẹsẹ̀ tẹ ọ̀pá ilẹ̀, kẹ́ẹ̀gì yóò tẹ orí ba, omi yóò sì ṣẹ̀. Bí ó bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, omi yóò dá. Ẹ fi ọṣẹ sínú ọ̀rá tí a ti dá lu, kí ẹ so ó kọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ànfààní rẹ̀ ni pé ọwọ́ tí ó dọ̀tí kò fi kan ohunkóhun àfi ọṣẹ àti omi, àti pé omi díẹ̀ ni ó tó fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìyàgbẹ́ àti sí ẹ̀gbẹ́ ibi ìdáná. Àkójọ ọ̀pọ̀ ìwádìí fi hàn pé fífi ọṣẹ fọ ọwọ́ lè dín ìgbẹ́ gbuuru àwọn ọmọdé kù ní nǹkan bí 30 nínú 100. Kẹ́ẹ̀gì kan tí a ìbá sọnù lè ṣe irú iṣẹ́ yìí fún gbogbo agboolé.

Èkejì ni ìkó-ẹ̀wà-pamọ́. Gbogbo ìyá tí ń ta ẹ̀wà ni ó mọ ìbànújẹ́ kí a ṣí àpò lẹ́yìn oṣù mẹ́ta kí a bá ihò àti ìyẹ̀fun níbẹ̀. Láti oko ni kòkòrò ẹ̀wà ti ń bá ẹ̀wà wálé. Ọ̀pọ̀ a máa da oògùn apakòkòrò sí i, oògùn náà a sì dé inú ìkòkò ọbẹ̀. Ọ̀nà mìíràn wà tí kò ná wa ní oògùn kankan. Ẹ sá ẹ̀wà gbẹ dáadáa. Ẹ dà á sínú kẹ́ẹ̀gì òróró tí a ti fọ̀ tí ó sì ti gbẹ kanrin, kí ẹ sì máa mì í títí yóò fi kún dé ẹnu, kí àyè afẹ́fẹ́ má ṣe kù. Ẹ fi ọ̀rá bo ẹnu rẹ̀ kí ẹ tó dé e pinpin. Ẹ má ṣe ṣí i fún oṣù méjì. Kòkòrò tí ó wà nínú rẹ̀ yóò mí gbogbo afẹ́fẹ́ tí ó kù tán, yóò dẹ́kun jíjẹ, yóò sì kú. Bí ìdérí bá ń jò, iṣẹ́ náà bàjẹ́. Nítorí náà ẹ fi omi dán kẹ́ẹ̀gì wò kí ẹ tó lò ó, kí ẹ sì dojú rẹ̀ délẹ̀ kí ẹ wò ó bí yóò bá kán.

AGOLO, TÁYÀ ÀTI Ọ̀RÁ OMI

Ohun tí a kò bá fún ní iṣẹ́ yóò wá iṣẹ́ fún ara rẹ̀. Agolo àti táyà tí a jù sí ẹ̀yìnkùlé yóò gba omi òjò, inú omi náà sì ni ẹ̀fọn kan tí ara rẹ̀ dúdú, tí ó ní ìlà funfun lẹ́sẹ̀, yóò ti pamọ. Ọ̀sán ni ó ń jẹ ènìyàn, òun ni ó sì ń gbé ibà pọ́njú kiri. Láàárín nǹkan bí ọjọ́ 7 sí 10, ẹyin rẹ̀ yóò ti di ẹ̀fọn. Bí omi bá gbẹ, ẹyin náà lè wà lára agolo fún ọ̀pọ̀ oṣù, yóò sì tún pa nígbà tí òjò bá dé. Ní ọdún 1987, ibà pọ́njú jà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ẹ̀fọn yìí tí ń gbé ní àyíká ilé ni ó sì tàn án. Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà fún ibà pọ́njú; kí gbogbo òbí mú ọmọ wọn lọ gbà á. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe bọ́ ẹ̀fọn ní ẹ̀yìnkùlé wa.

Ẹ fi ìṣó lu ìdí agolo mílíìkì ní ihò wẹ́wẹ́ púpọ̀. Ó di ohun tí a fi ń wọn omi sí àká èso. Agolo tí ó ní ìdérí dára fún èso ìgbìn, ìṣó àti abẹ́rẹ́. Ọ̀rá omi tí a ti mu, bí a bá gé orí rẹ̀, tí a lu ihò sí ìdí rẹ̀, tí a sì rọ erùpẹ̀ dúdú sí i, a lè hu ata, tòmátò tàbí káṣú nínú rẹ̀ títí yóò fi tó kó lọ sí oko. Nígbà tí a bá fẹ́ gbìn ín, kí a ya ọ̀rá náà kúrò, kí a má ṣe rì í mọ́lẹ̀. Táyà tí a rọ erùpẹ̀ kún di ibi ìgbin ẹ̀fọ́ sí ẹ̀yìn ilé ìdáná. Èyí tí a kò bá sì lè lò, kí a gbé e fún oníbàtà tàbí kí a lu ihò sí i lára kí omi má ṣe dúró níbẹ̀.

Kò yẹ kí a sun táyà tàbí ọ̀rá ní ìtòsí ilé. Èéfín rẹ̀ ń ba èémí jẹ́, ìyá tí ó gbé ọmọ pọ̀n ni ó sì sábà máa ń dúró ti iná àkìtàn.

IṢẸ́ ỌWỌ́ TÍ Ó TI DI ÒKÌKÍ

Àwọn ọ̀dọ́ lè bèèrè bóyá èrè wà nínú iṣẹ́ yìí. Ní ọdún 2011, ní Yelwa ní Ìpínlẹ̀ Kàdúná, wọ́n rọ iyanrìn kún ìgò oníke omi mímu, wọ́n tò wọ́n bí búlọ́ọ̀kù, wọ́n sì fi ẹrẹ̀ mọ ilé pẹ̀lú wọn. Àwọn ènìyàn wá wò ó láti ọ̀nà jíjìn. El Anatsui, ọmọ ilẹ̀ Gánà tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka ní ọdún 1975, kó ìdérí ìgò ọtí jọ, ó tẹ̀ wọ́n pẹlẹbẹ, ó fi wáyà bàbà so wọ́n pọ̀ títí wọ́n fi fẹ̀ bí aṣọ ńlá tí ń dán. Ní ọdún 2015, wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ ńlá Golden Lion ní ìlú Venice ní Ítálì. Ìdérí tí ó wà lábẹ́ tábìlì olótìí ni ó fi ṣe é.

OHUN TÍ KÒ GBỌDỌ̀ PADÀ SÍ INÚ ILÉ

A dé ibi tí ẹ̀kọ́ yìí ti gba ìṣọ́ra jù, nítorí pé ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí.

Àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ní Ìbàràpá, oògùn tí ń pa koríko sì ti gba ipò ọkọ́ ní oko púpọ̀. Kẹ́ẹ̀gì oògùn náà dára lójú, ó le, ó sì ní ìdérí tí ó fún, nítorí náà ni àwọn kan ṣe ń fọ̀ ọ́, tí wọ́n sì ń fi pọn omi tàbí kó epo sí. Ẹ má ṣe dán an wò. Oògùn a máa wọ inú ike, fífọ̀ kò sì lè yọ gbogbo rẹ̀. Ohun tí Àjọ Oúnjẹ àti Ọ̀gbìn Àgbáyé àti Àjọ Ìlera Àgbáyé pa láṣẹ ni pé kí a fi omi ṣan kẹ́ẹ̀gì náà ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kí a da omi ìṣàn náà padà sínú ẹ̀rọ ìfínko kí a sì fín in sí oko, lẹ́yìn náà kí a dá kẹ́ẹ̀gì lu kí ẹnikẹ́ni má bàa lè tún lò ó.

Ìkejì rẹ̀ burú ju ìyẹn lọ: bíbu oògùn oko sínú ìgò ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò láti lọ pín in fún aládùúgbò. Ọmọdé kò mọ̀wé, ìgò ni ó mọ̀. Oògùn tí a ń pè ní paraquat, ẹnu rẹ̀ kan ṣoṣo lè pa àgbàlagbà, kò sì sí oògùn tí ó lè mú un kúrò nínú ara. Àjọ NAFDAC fòfin dè é láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. Bí èyí tí ó kù bá sì wà ní ìkọ̀kọ̀ ilé ẹnikẹ́ni, kí ó má ṣe wà nínú ìgò ohun mímu.

Orílẹ̀-èdè wa ti rí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a kò bèèrè ìtàn ohun àlòkù. Ní ọdún 1987 àti 1988, wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún tọ́ọ̀nù ìdọ̀tí olóró láti Ítálì wá sí ìlú Koko, tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Delta òde òní, wọ́n sì tò ó sínú àgbàlá ènìyàn nínú dúrọ́ọ̀mù. Àwọn ará ìlú rí dúrọ́ọ̀mù tí ó dára. Àwọn kan da ohun inú rẹ̀ nù, wọ́n sì fi í gba omi. Nígbà tí àṣírí tú ní 1988, ìjọba mú kí Ítálì kó ìdọ̀tí náà padà, wọ́n sì ṣe òfin ní ọdún yẹn kan náà láti dènà irú rẹ̀. Dúrọ́ọ̀mù kò ní ẹnu láti sọ ohun tí ó ti gbé; àwa ni a ní ẹnu láti bèèrè.

Ìkòkò tí a rọ láti inú àjákù alumíníọ̀mù pẹ̀lú nílò ìrònú. Bí alágbẹ̀dẹ bá yọ́ irin ẹ̀rọ mọ́tò àti àwọn irin mìíràn mọ́ ọn, òjé lè wà nínú rẹ̀, òjé a sì máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2014 lórí irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ ní Cameroon fi hàn pé òjé ń jáde láti ara wọn. Kí a bi ẹni tí ó rọ ìkòkò léèrè irin tí ó yọ́. Kí a má sì ṣe jẹ́ kí ọbẹ̀ tòmátò sùn mọ́jú nínú rẹ̀. Bátìrì mọ́tò àtijọ́ kún fún òjé. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọ́ ọ nínú ilé.

ÀKÓTÁN

Aṣọ tí ó gbó lè sẹ́ omi, kẹ́ẹ̀gì òróró lè fọ ọwọ́ kí ó sì pa ẹ̀wà mọ́, agolo àti táyà lè mú ẹ̀fọ́ jáde dípò ẹ̀fọn. Ohun tí ó ti gbé oúnjẹ lè tún gbé oúnjẹ. Ohun tí ó ti gbé májèlé kò ní iṣẹ́ kankan mọ́ nínú ilé ènìyàn.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ YÀRÁ ÌKÀWÉ

1. Kí ni ìdí tí sárì àtijọ́ fi sẹ́ omi ju sárì tuntun lọ?
2. Ọ̀nà wo ni ìwọ yóò gbà mọ̀ bóyá kẹ́ẹ̀gì tí a ń tà ní ọjà ti gbé oògùn oko rí? Bí o kò bá lè mọ̀, kí ni kí o ṣe?
3. Agolo àti táyà mélòó ni ó wà ní ẹ̀yìnkùlé rẹ tí ó lè gba omi òjò? Kí a ka iye wọn ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí a sì sọ ohun tí a fi wọ́n ṣe nígbà tí a bá tún péjọ.
4. Àwọn àgbà tí ó wà láàárín wa, ẹ jọ̀wọ́, kí ni ẹ̀yin fi apáàdì, igbá tí ó sán àti garawa tí ó lu ṣe ní ìgbà èwe yín tí àwọn ọmọ kò mọ̀ mọ́?
5. Kí ẹni méjì tàbí mẹ́ta jọ ṣe ẹ̀rọ ìfọwọ́ aláfẹsẹ̀tẹ̀ kan fún ilé ẹ̀kọ́ tí ó súnmọ́ yàrá ìkàwé yìí, kí àwọn ọmọ lè kọ́ bí a ti í ṣe é, kí wọ́n sì lọ ṣe é ní ilé wọn.